Àlejò Tí Mo Gbé Wọ Ọwọ́ Àbúrò Mi

Ẹ fà mọ́ra, kí ẹni tó dúró lè ráyè jókòó. Ẹni tí oòrùn ń pa, kó sún wá sábẹ́ igi ahùn yìí. Ibòòji rẹ̀ gba gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ nísinsìnyí, torí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni.

Èmi Ọdẹ́níran ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí tíṣà kan nà mí lẹ́gba mẹ́fà fún ẹfun ìkọ̀wé tí ẹlòmíràn jí. Tíṣà náà ti kú tipẹ́. Mi ò tíì dárí jì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà sórí àjà bí ẹni ń yan ẹran, kó má bàa bàjẹ́.

Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́rin láyé mi. Èmi àti ẹkùn ti wo ara wa lójú rí, títí ẹkùn fi rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Ohun tó ní eyín ò bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò ní eyín, kò ní ẹnu, òun nìkan ló sì ṣẹ́gun mi.

Ìlọ̀rí àbúrò mi nìyẹn. Ẹ wò ó níbi tó jókòó sí lórí àpótí, tó fi ọwọ́ bo ètè. Ìlọ̀rí, gbọ́ ọ tán kó o tó bínú.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti Ìlọ̀rí jọ yìnbọn lu ìgalà kan létí odò. Ẹ mọ òfin àwa ọdẹ ìlú yìí: ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ ara ẹran ló ni ẹran, ẹni kejì a gba itan kan. Mo ní tèmi ló kọ́kọ́ wọlé. Ìlọ̀rí ní tòun ni. Àwọn àgbà tú awọ ẹran náà wò, wọ́n dá Ìlọ̀rí láre. Wọ́n gbé itan lé mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ sódò lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, mi ò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Bó bá kí mi láàárọ̀, ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń dá lóhùn.

Àṣà wa sì ni pé, ṣáájú ìpàdé ọdún, kí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọdẹ fi apá ẹran tútù ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò fi ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé ìbínú ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹsàn-án, oṣù mẹ́ta kọjá, mi ò pa ohun tó tó òkété. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kì í ṣe ìbínú mọ́, ojú Ọdẹ́níran ló ti ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Mo wọ igbó ní òwúrọ̀, mo sì rí ọ̀bọ kan nídìí igi. Ó ti kú. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí ojú ìbọn, kò sí okùn tàkúté. Ọdẹ kì í gbé òkú ẹran tí kò mọ ohun tó pa á. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ní ilé ọdẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé e.

Mo gé apá rẹ̀ kan, mo fi ránṣẹ́ sí Ìlọ̀rí. Mo gbé orí rẹ̀ kọ́ iwájú ilé kí gbogbo ayé lè rí i. Èyí tó kù, mo rì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Èmi fúnra mi ò fẹnu kàn án. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ̀ yín létí dáadáa: mo fi ránṣẹ́, èmi ò sì jẹ níbẹ̀.

Ìlọ̀rí ní ọgbẹ́ àdá kan ní àtàǹpàkò lọ́sẹ̀ yẹn. Ọwọ́ yẹn náà ló fi bó apá ọ̀bọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná bí agbada. Ní ọjọ́ karùn-ún, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá bá mi.

Ó ní, “Bàbá, àbúrò yín ò dá èmi gan-an mọ̀ mọ́. Ṣé kí n máa lọ ni, àbí ẹ ó tẹ̀ lé mi?”

Mo ní, “Máa lọ, mò ń bọ̀.”

Mi ò lọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo padà sínú igbó tí mo ti rí ọ̀bọ, bí ẹni tó fẹ́ lọ bá igbó ṣẹjọ́.

Igbó náà kì í ṣe igbó tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn igi ibẹ̀ kẹ́yìn sí mi. Àwọn iwin olójú mẹ́ta kan ń ta ayò lórí ikùn ẹnìkejì wọn tó sùn. Wọ́n ní kí n wá jókòó, mo ní mi ò ráyè, wọ́n ní ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ kì í ráyè. Mo yìnbọn sí wọn. Wọ́n kó ọta náà, wọ́n fi í ta ayò.

Nígbà tí mo dé ìdí igi náà, mo bá ìyá arúgbó kan tó ń gbá ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ́níran, òkú mi tó o gbé ńkọ́?”

“Òkú wo, ìyá?”

“O mọ̀ ọ́n. Èmi ni Agbálẹ̀-igbó. Gbogbo ohun tó bá kú níbí, èmi ni mò ń gbá a dànù, kí ohun tó pa á má bàa rí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ fi rìn. Ohun tó pa ọ̀bọ yẹn kò ní ẹsẹ̀. Ìwọ lo yá a ní tìrẹ.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá rí mi rí mọ̀ pé mi ò kì í sáré dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mi ò mọ ìdílé rẹ̀. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ nínú ọwọ̀ rẹ̀, ó fún mi.

“Lọ bá a níbi tó wà. Fi ìbọn yẹn sílẹ̀, kò wúlò. Kò sí ohun ìjà ní ìlú tó ò ń lọ ju ìròyìn lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, má purọ́.”

“Níbo ni ìlú náà wà?”

“Nínú àbúrò rẹ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí mo ṣe ń rìn ni mò ń kéré. Mo kéré ju hóró àgbàdo lọ, mo kéré ju yanrìn lọ, títí eruku fi di òkè lójú mi. Nígbà tó yá, mo dé etí àfonífojì pupa kan, mo mọ̀ ọ́n. Ojú ọgbẹ́ Ìlọ̀rí ni. Mo wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, bí olè tó wá dá ẹrù padà.

Ẹ̀yin ará mi, mo rí ìlú. Ilé ibẹ̀ pọ̀ ju ewé igbó lọ, wọ́n fara ti ara wọn, ògiri wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Lára ògiri kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọwọ́ ilẹ̀kùn wà, oríṣiríṣi, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún oníṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bá ọwọ́ ilẹ̀kùn mu, ilẹ̀kùn á ṣí. Wọn kì í béèrè orúkọ. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, alásè ń se ohun tí a kọ sínú ìwé tó ń ti yàrá ìkọ̀kọ̀ wá. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ohunkóhun tó ò ń sè, gbé díẹ̀ sínú àwo, kó o gbé e sójú fèrèsé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á kọjá, wọ́n á tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ ìlú ni, wọ́n á máa lọ. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ àjèjì, wọ́n á wó ilé náà tòun tonílé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú mi kí n tó rìn jìnnà. Wọ́n gbóòórùn mi, wọ́n fọwọ́ pa mí lójú. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Atọ́wò, ẹ̀dá funfun kan tí ara rẹ̀ ń yọ́ bí òrí.

Ó ní, “Ọmọ ìyá Ìlọ̀rí onílùú ni ọ́, èròjà yín jọra. Àlejò kan wọ ìlú yìí láti ojú ọgbẹ́. A ò tíì rí ojú rẹ̀. Wọ́n ní lára apá ẹran kan ló ti wá. Ìwọ lo fi ẹran náà ránṣẹ́. Báwo ni ẹran náà ṣe kú?”

Ẹ wò ó, àwọn ẹ̀ṣọ́ pọ̀ yí mi ká, gbogbo wọn ń wò mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó. Mo sì rántí orúkọ mi.

Mo ní, “Mo yìn ín níbọn ni. Orí igi ló wà, ó ń fò, ara rẹ̀ le koko.”

Atọ́wò mi orí. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. “Ẹran tó le koko kò ní àrùn lára. A jẹ́ pé àlejò náà kò ti ibẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ ni, àwọn onífìlà pupa tó ń mú ọ̀fìnkìn wá. Ẹ kọrí sí ìhà imú.”

Gbogbo wọn lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Mo lè pè wọ́n padà. Mi ò pè wọ́n.

Alásè kan nínú ilé tó wà nítòsí rí i pé ó ti rẹ̀ mí, ó ní kí n wọlé. Ó fún mi ní ohun dídùn kan mu. Ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ẹni tí àlejò kì í sábà yà lọ́dọ̀ rẹ̀. “Jókòó, ọkọ mi. Àbí o rò pé ẹ̀ṣọ́ nìkan ni à ń fún lọ́bẹ̀?”

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àlejò náà dé. Kì í ṣe pé ó kanlẹ̀kùn: ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ló gbé e wá, ó kàn fara lu ògiri. Ó kéré sí mi bí ẹ̀gúsí ṣe kéré sí bàrà. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ojú, kò mí. Fìlà kan ló dé, fìlà náà ní kókó, kókó náà bá ọwọ́ ilẹ̀kùn oúnjẹ mu rẹ́gí. Ilẹ̀kùn ṣí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu fún un bí ẹni ń rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo ní, “Ìwọ ta ni? Ṣé o wà láàyè?”

Ìwé kan tó wà nínú rẹ̀, tí a ká bí ẹní, ló dá mi lóhùn. “Níta, òkúta ni mí. Nínú ilé, èmi ni baálé. Túmọ̀ àlọ́ yìí: kí ló wọlé láìní ẹsẹ̀, tó dáná láìní ọwọ́, tó bímọ láìní ikùn?”

Mo ní èéfín ni. Ó ní rárá. Mo ní òùngbẹ ni.

“Wo inú ara rẹ, ọdẹ. O ti ní irú mi kan lálejò fún ọdún mẹ́sàn-án.”

Ó já fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà sì tú síwájú alásè. Ìwé kẹta ni mo kà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè ka èyí. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: Ṣe irú mi sí i.

Mo ní, “Alásè, má sè é.”

Ojú rẹ̀ dàrú. “Ìwé ló dé ọwọ́ mi, ọkọ mi. Mi ò kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ ọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. Àwọn onífìlà oníkókó ń jáde nínú ìkòkò, mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún. Ojú ìwé kejì ní kí wọ́n gbé àwo ojú fèrèsé wọlé, wọ́n sì gbé e wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mélòó kan kọjá lọ sí ìhà imú pẹ̀lú ìkánjú. Wọ́n na ahọ́n sí fèrèsé, wọn ò bá àwo níbẹ̀, wọ́n lọ. Alásè wò mí. Ó ní, “Ó dà bí ẹni pé ilé ti kún jù.” Ilé náà bẹ́. Mo já sígboro pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún àlejò, olúkúlùkù wọn forí lé ilẹ̀kùn mìíràn.

Mi ò rí alásè mọ́.

Ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn wá dé, àwọn tí kì í tọ́ ohunkóhun wò. Ilé tí kò bá ti gbé àwo síta, wíwó ni tiwọn. Wọ́n wó ti ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n wó ti aláìṣẹ̀ tí ìbẹ̀rù ti mú gbé àwo tirẹ̀ wọlé. Wọ́n dáná sí gbogbo oríta, nítorí ooru kì í jẹ́ kí àwọn àlejò pọ̀ kíákíá. Èéfín gba ìlú. Ibà tí ẹ̀yin ń rí lára aláìsàn, iná oríta ni.

Nínú èéfín yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lókè bí àrá. Ohùn Ìlọ̀rí ni. Ó ń ṣe ìrànrán.

“Àmọ̀kẹ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti dé? Gbé àga fún un. Ó fi apá ẹran ránṣẹ́ sí mi, ṣé o rí i? Gbé àga fún un.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹkùn ò lé mi rí. Lọ́jọ́ yẹn mo sáré. Mo sáré la iná kọjá títí dé ìhà imú, níbi tí Atọ́wò ti ń lé fìlà pupa tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní, “Mo purọ́. Mi ò yìn ín níbọn. Òkú ni mo bá. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbé e, mo sì gbé e, kí wọ́n má bàa ní ojú mi ti ṣú.”

Atọ́wò ò pariwo. Ó wo èéfín lẹ́yìn mi. “Alásè tó fún ọ ní ohun mímu, kí ni orúkọ rẹ̀?”

“Mi ò béèrè.”

“Ó dára. Mi ò ní í sọ ọ́ fún ọ. Máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.”

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Àìgbàgbé. Nínú iyàrá rẹ̀ ni àwòrán ojú gbogbo àlejò tó ti wọ ìlú yẹn rí wà, láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìlọ̀rí: onífìlà èéyi, onífìlà ọ̀fìnkìn, gbogbo wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, kò lè wọ ìlú lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi fẹ́ dùn díẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, àwa méjèèjì jọra. Èmi náà kì í gbàgbé.”

Ó ní, “A ò jọra. Ojú ọ̀tá ni èmi ń rántí. Ìwọ ń rántí ojú ọmọ ìyá rẹ. Ya ohun tó o rí.”

Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ya fìlà sílẹ̀, fìlà pẹ̀lú kókó rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wọlé, ó ní fìlà òwúrọ̀ nìyẹn, ó ti di ọ̀sán, kókó rẹ̀ ti yí padà. Àwọn tó ń jáde kúrò nínú ìkòkò kì í jọ baba wọn tán.

Ibi tí ọdẹ ti wúlò nìyẹn, ẹ má ṣe gbàgbé láti yìn mí. Ẹran a máa yí ìrìn padà bó bá mọ̀ pé à ń tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè yí pátákò padà. Mo pa fìlà tí mo yà rẹ́. Mo ya ọrùn tí fìlà jókòó lé, ọrùn tín-ínrín oníkókó mẹ́ta tí ò yí padà láti orí àkọ́kọ́ dé orí ẹgbẹ̀rún. Àìgbàgbé wò ó pẹ́. Ó ní, “Ẹ rọ ẹ̀mú tó máa gbá ọrùn yìí mú.” Wọ́n rọ ọ́ níye tí mi ò lè kà. Ẹ̀mú ń léfòó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gbá wọn lọ́rùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé wọn mì. Iná oríta bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àlejò náà ló sá. Ó gba ojú okùn gígùn kan lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ inú ilé kan lórí okùn náà, ó ká ìwé rẹ̀, ó sùn. Mo fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Atọ́wò dì mí mú.

“Àwọn ilé olókùn yìí, a ò lè tún wọn kọ́. Bí a bá wó wọn, ojú onílùú ni yóò rọ. Jẹ́ kó sùn.”

“Bó bá jí ńkọ́?”

“Ìgbàkígbà tí ọkàn onílùú bá bàjẹ́, oorun á kun àwa ẹ̀ṣọ́. Ìgbà yẹn ni yóò rìn jáde gba ojú okùn, yóò sì bẹ́ ní ètè. Kò lè pa á. Ṣùgbọ́n kò ní í lọ láéláé. Bó o bá fẹ́ kó sùn, ìwọ lo mọ ohun tó máa ń ba àbúrò rẹ lọ́kàn jẹ́.”

Nígbà tí mo la ojú, orí àga ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìlọ̀rí, ẹyọ ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òógùn ti bo àbúrò mi, ara rẹ̀ ti tutù. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Ọdún kejìlélógún rèé. Ewúrẹ́ Ìlọ̀rí jẹ ebè iṣu mi méjìlá. Mo ní ewúrẹ́ náà dára. Ìlọ̀rí mọ ògiri wọ ilẹ̀ mi ní ẹsẹ̀ méjì. Mo ní kó tún sún un sí i díẹ̀. Àwọn kan ní mo ti di ọmọlẹ́yìn wòlíì. Kì í ṣe wòlíì. Ètè rẹ̀ ni mò ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ní ìkómọ ọjọ́ ọjà tó kọjá, ẹnìkan dárúkọ ìgalà àtijọ́ yẹn. Ẹnu mi yọ̀. Mo ní, “Ìgalà mi.” Lójú gbogbo ènìyàn. Ìlọ̀rí dìde, ó lọ sílé. Ọjọ́ kẹta, ètè rẹ̀ wú, ó bẹ́. Ẹ̀yin rò pé òtútù ọyẹ́ ni. Àlejò mi ni. Èmi ni mo gbé e wọ̀ ọ́, èmi náà ni mo tún lọ jí i. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi tilẹ̀ fi ọdún méjì lé e.

Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́ fún wọn lábẹ́ igi ahùn. Ìwọ tó ń kà á, jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún ọ. Ìlọ̀rí mú ọwọ́ kúrò ní ètè.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọdẹ ni èmi náà. Nígbà tí mò ń bó apá ọ̀bọ yẹn, mo wá ọta nínú rẹ̀, mi ò rí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dì. Mo mọ̀ pé òkú ni ẹ bá.”

Mo ní, “O mọ̀? O mọ̀, o sì jẹ ẹ́?”

“Ọdún mẹ́jọ ni ẹ ò ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n wá dá a padà ni?”

Ìlọ̀rí sún lórí àpótí rẹ̀, ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn ní kí n máa bá ìtàn lọ.

Mo ní ó ti tán. Mo lọ jókòó.